Google ń ná owó mi, oníbàárà ò wá: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìpolówó aṣọ òkè

Aláṣọ Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ìṣẹ́yìn ni mo wà. Ilé tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè ni wọ́n bí mi sí, títà ni tèmi. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston ló ń rajà lọ́wọ́ mi jù, ẹnìkan á júwe mi fún ẹnì kejì. Lóṣù tó kọjá ni mo ní kí n má jókòó de àjúwe mọ́, ni mo bá ṣí àkáǹtì ní Google Ads, ibi tí ènìyàn ti ń sanwó fún Google nígbàkígbà tí wọ́n bá tẹ ìpolówó rẹ̀. Mo kọ aso oke, gele àti aso ebi sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí wọ́n fi rí mi, mo yan Ìlú Ọba, mo sì ní kí wọ́n máa ná ₦8,000 lójúmọ́.

Ọjọ́ 11 rèé. ₦87,600 ti lọ. Ìgbà 212 ni wọ́n ti tẹ ìpolówó mi. Ẹni mẹ́ta péré ló kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp: méjì ní kí n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń wé gèlè, ẹnì kẹta ń wá iṣẹ́. Aṣọ kan ò tà. Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni ti Sátidé: ₦15,400 ni wọ́n ná lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ₦8,000 ni mo sọ fún wọn. Ṣé wọ́n ń jí owó mi ni? Ọkọ mi ní kí n pa á. Owó òwú ni mo mú níbẹ̀, àwọn ahunṣọ sì ń wojú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó ràn mí lọ́wọ́.

Akọ́ṣẹ́ Bódìjà

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ dá a dúró kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

Ti Sátidé yẹn, wọn ò jí i. Iye tí ẹ pè ní tojúmọ́, ìpíndọ́gba ni Google ń fi í ṣe. Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń wá nǹkan bá pọ̀, ó lè ná tó ìlọ́po méjì, ìyẹn ₦16,000 ní tiyín, á wá fi díẹ̀ ná lọ́jọ́ mìíràn. Ohun tí kò gbọdọ̀ kọjá lóṣù ni iye tojúmọ́ lọ́nà 30.4, ìyẹn ìpíndọ́gba iye ọjọ́ inú oṣù. ₦8,000 lọ́nà 30.4 jẹ́ ₦243,200. Nítorí náà, iye tí ẹ lè yọ lóṣù láìpa òwò lára ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kẹ́ ẹ tó wá pín in sí ojúmọ́.

Ẹ wá wọ inú àkáǹtì yín báyìí, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Search terms sí, ẹ ka ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ síta fún wa. Keyword ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin kọ sílẹ̀. Search term ni ohun tí ẹni tó wà ní ilé rẹ̀ ní London fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀. Àárín méjèèjì yẹn ni owó ń gbà jò. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn títí ẹ ó fi ka èyí.

Aláṣọ Ìṣẹ́yìn

Mo ti kà á o. Ara mi bù máṣọ. Ẹ wò ó, pẹ̀lú iye ìgbà tí mo sanwó lé e:

how to tie gele step by step: 31
aso oke styles: 24
gele pictures: 19
aso ebi meaning: 11
aso oke weaving loom price: 6
aso oke shop in london: 5
weaving jobs london: 4
buy sanyan aso oke: 2

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 102. Ìgbà 212 ni wọ́n sì ní wọ́n tẹ̀ ẹ́. N ò rí 110 tó kù.

Akọ́ṣẹ́ Bódìjà

Ẹ ṣé. Ẹ wo ìlà márùn-ún àkọ́kọ́ láti òkè. Ẹni tó fẹ́ kọ́ gèlè wíwé, ẹni tó fẹ́ wo fọ́tò, ẹni tí olùkọ́ rẹ̀ ní kó lọ wá ìtumọ̀ aṣọ ẹbí, ẹni tó fẹ́ ra òfì tí wọ́n fi ń hun aṣọ. Gbogbo wọn ló tẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn lẹ sanwó fún. Nínú 102, ẹni 7 ló fẹ́ rajà. Ẹ ò ṣe ìpolówó tó burú, àwọn tí kò bá ọjà wá lẹ ń polówó fún.

Ohun tó fà á ni pé ẹ kọ ọ̀rọ̀ yẹn lásán, láìfi àmì kankan sí i. Bí kò bá ti ní àmì, broad match ni Google ń kà á sí, ó sì láṣẹ láti fi yín han ẹnikẹ́ni tí ohun tó ń wá bá ṣáà ti fara pẹ́ tiyín. Bí ẹ bá fi àmì àyọlò sí i lọ́tùn-ún lósì, ó di phrase match: ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yín gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí ẹni náà tẹ̀. Bí ẹ bá fi àkámọ́ onígun há a mọ́, ó di exact match: ohun kan náà gan-an ló gbọ́dọ̀ máa wá. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, exact àti phrase ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Gele àti aso ebi tí ẹ kọ ní ẹyọ ọ̀rọ̀, ẹ yọ wọ́n kúrò pátápátá. Ẹ fi irú [buy aso oke], [aso oke london], "aso oke for wedding" àti "sanyan aso oke" rọ́pò.

Lẹ́yìn ìyẹn, negative keyword, ọ̀rọ̀ tí ẹ kò fẹ́ rí rárá. Ẹ kọ how, tie, tutorial, picture, pictures, meaning, loom, job, jobs, free, rent, styles. Mo kọ picture àti pictures lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí pé ní ibi negative, Google kì í bá wa da ẹyọ àti ọ̀pọ̀ pọ̀ mọ́ra. Ẹ ó máa padà ka search terms yẹn láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ ó máa yọ èyí tí kò wúlò bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Kò sí ọgbọ́n mìíràn nínú iṣẹ́ yìí tó tó o. Bí mo bá gba àkáǹtì tuntun lọ́wọ́ ènìyàn, odindi wákàtí méjì àkọ́kọ́ ibẹ̀ ni mo ń lò ó sí.

Oníbàtà Mushin

Mo mọ ibi tí 110 yẹn wọlẹ̀ sí. Àwọn mìíràn wà tí Google kì í fi hàn nítorí pé àwọn tó tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Display Network ni. Nígbà tí ẹ ń ṣí campaign, ìyẹn ètò ìpolówó kan, àpótí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti bá yín fi àmì sí. Ohun tó ń sọ ni pé ìpolówó yín á tún máa jáde lórí wẹ́bùsáìtì àti áàpù àwọn ẹlòmíràn, yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan.

Bàtà aláwọ ni mò ń tà. Lọ́dún 2021, mo ná owó oṣù méjì síbẹ̀, títẹ̀ pọ̀ bí omi, kò sí ẹni tó rà. Lọ́jọ́ kan mo jókòó ti ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ń fi fóònù ìyá rẹ̀ ta géèmù. Ó ń lé bọ́ọ̀lù aláwọ̀ kan káàkiri ojú fóònù. Ìpolówó ilé ìfowópamọ́ kan yọ nísàlẹ̀, àtàǹpàkò ọmọ náà bọ́ sí i, ojú ewé ṣí bo géèmù rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fariwo ta. Ìyá rẹ̀ gbà á, ó pa ojú ewé náà dé, ó dá a padà fún un. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ó tún ṣẹlẹ̀. Mo kàn ń wò ni. Mo dé ilé, mo ṣí àkáǹtì mi, mo wo ibi tí ìpolówó mi ti jáde: géèmù ọmọdé, áàpù tọ́ọ̀ṣì, áàpù àwòrán ògiri.

Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Networks, ẹ yọ Display kúrò. Ẹ yọ Search partners náà ná, ìyẹn àwọn wẹ́bùsáìtì mìíràn tí wọ́n ń bá Google fi ìpolówó hàn fún ẹni tó ń wá nǹkan, ẹ lè dá ìyẹn padà lọ́jọ́ iwájú bí ẹ bá fẹ́.

Aláṣọ Ìṣẹ́yìn

Òótọ́ ni o! 83 ló ti ibi Display wá. Mo ti yọ ọ́. Ọlọ́run á bùkún yín.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Àwọn ọmọ mi a máa tẹ aso oke london sórí fóònù láràárọ̀, tí wọ́n bá ti rí tèmi wọ́n á tẹ̀ ẹ́, torí mo rò pé ìyẹn á jẹ́ kó máa gòkè. Ṣé kò burú? Mo sì tún ń fura pé àwọn kan tí a jọ ń tajà ń tẹ tèmi kí owó mi lè tètè tán.

Ọmọ Ẹ̀gbá Houston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná. Ìṣẹ́yìn lẹ wà, Ìlú Ọba lẹ yàn. Báwo làwọn ọmọ yín ṣe ń rí i?

Ìdáhùn wà nínú Settings, ní Locations, lábẹ́ Location options. Èyí tí wọ́n bá yín yàn níbẹ̀ ni pé kí ìpolówó máa hàn sí ẹni tó wà ní Ìlú Ọba àti ẹni tó bá fi ìfẹ́ hàn sí Ìlú Ọba. Ọmọ tó jókòó sí Ìṣẹ́yìn tó tẹ london, Google kà á sí ẹni tó fìfẹ́ hàn. Ẹ yí i sí Presence, kó jẹ́ ẹni tó wà níbẹ̀ tàbí tó máa ń wà níbẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá ti yí i, àwọn ọmọ ò ní rí i mọ́, kẹ́ ẹ má sì bẹ̀rù, ó ṣì ń jáde fún àwọn tó yẹ.

Ẹ ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ ń sanwó fún un, ó sì ń ba ìṣirò yín jẹ́. Kódà bí ènìyàn bá ń wá ti ara rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, Google á máa rò pé wọ́n rí i wọn ò fẹ́ ẹ. Irinṣẹ́ kan wà nínú àkáǹtì náà tó ń jẹ́ Ad Preview and Diagnosis, òun ni kẹ́ ẹ fi máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ti àwọn tí ẹ ń fura sí, Google ń yọ títẹ̀ tó bá rí i pé kì í ṣe òtítọ́, kì í gba owó wọn, tàbí kó dá a padà. Ẹ fi òpó Invalid clicks sínú tábìlì yín, ẹ ó rí iye rẹ̀.

Nǹkan kan ṣì kù tó jẹ́ pé ẹni tó ń ta ọjà Yorùbá nìkan ló máa mọ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹ ó rí asooke, asho oke, asoke. Ẹ fi wọ́n sínú keyword yín, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Asoke jẹ́ àdúgbò kan ní Bangkok, ní ilẹ̀ Thailand, òtẹ́ẹ̀lì kún ibẹ̀. Ẹ fi Bangkok àti hotel sí negative. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta sányán fi sanyan nìkan ṣe keyword, àwọn tó ń wá Sanya, ìlú etíkun kan ní China, ló ń ya wá bá a. Sányán, àlàárì, ẹtù, ẹ má jẹ́ kí ọ̀kankan dá dúró, ẹ so aso oke mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi gan-an ni irú ẹni tí ẹ ń wá, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí láti ọ̀dọ̀ wa.

Àbúrò ọkọ mi ṣègbéyàwó lọ́dún tó kọjá, èmi ni wọ́n ní kí n wá aṣọ òkè. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo tó ráyè, àwọn ọmọ ti sùn, mo jókòó sí kíṣíìnì pẹ̀lú fóònù. Mo tẹ ìpolówó àkọ́kọ́: ojú ewé ń yí, ó ń yí, mo jáde. Mo tẹ ìkejì: àwòrán rẹpẹtẹ, kò sí iye owó kankan. Mo jáde. Ẹ̀kẹta kọ iye rẹ̀ ní pọ́n-ùn. Ó kọ ọ́ pé láti ọjọ́ tí mo bá sanwó, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni yóò fi dé ọwọ́ mi. Ó tẹ́ aṣọ náà sínú oòrùn, ọwọ́ ènìyàn wà lórí rẹ̀, mo sì rí bó ṣe nípọn tó. Bọ́tìnnì WhatsApp wà nísàlẹ̀. Ó wọ́n ju ti ọjà àdúgbò wa lọ, òun ni mo rà.

Ẹ fi àdírẹ́sì wẹ́bùsáìtì yín ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀ lánàá, mo wò ó. Ìtàn ìdílé yín ni mo kọ́kọ́ bá. Ó wú mi lórí, mo kà á tán. Àmọ́ ẹni tí ọjọ́ ìgbéyàwó ń lé bọ̀ kò ní ráyè kà á. Ẹ gbé ìtàn yẹn sísàlẹ̀. Iye owó, ọjọ́ tó máa dé, àwọ̀ tó wà, iye ènìyàn tí ẹ lè hun fún lẹ́ẹ̀kan: ìwọ̀nyí ni kó wà lókè. Àwòrán yín wúwo jù, ọ̀kan nínú wọn kò ṣí fún mi títí mo fi sú.

Mo sì fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n Bódìjà jiyàn díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi styles sí negative. Ibi tí èmi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o! Obìnrin kì í ra aṣọ òkè láìwo style.

Akọ́ṣẹ́ Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n Peckham, ẹ gbà mí lọ́rọ̀. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó ló wà láàárín ìgbà tí ẹ wo style àti ìgbà tí ẹ rà? Ẹni tí owó òwú rẹ̀ ló ń ná kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yọ ọ́ lónìí. Nígbà tí ọjà bá ti ń tà, kó ṣí campaign mìíràn fún styles, pẹ̀lú owó kékeré tirẹ̀.

Ti ojú ewé, gbogbo ohun tí ẹ sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Kí ìpolówó gbé ènìyàn lọ tààrà sí ibi ohun tó ń wá. Ẹni tó tẹ sanyan aso oke, ojú ewé sányán ni kó bá, kó má ṣe ojú ewé àkọ́kọ́ níbi tó ti máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri.

Àgbà Olùkọ́ Àkókà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, mo sì fẹ́ sọ ìdí tí ojú ewé àti ọ̀rọ̀ tó bá ara mu fi ń dín owó kù, nítorí ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tó lówó jù ló ń jókòó sókè.

Ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Lọ́dún 1998, Bill Gross gbé GoTo.com jáde ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹni tó bá dá owó tó ga jù fún títẹ̀ kan ti ń wà lókè pátápátá. Google bẹ̀rẹ̀ AdWords ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, àwọn oníṣòwò bíi 350 ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé gbàǹjo tiwọn kalẹ̀ lọ́dún 2002, wọ́n fi ohun kan kún un: wọ́n ń wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń tẹ ìpolówó náà sí. Ọdún 2018 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Google Ads.

Gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá wá nǹkan ni gbàǹjo náà ń wáyé, kíá bí ìṣẹ́jú ojú. Ẹ jẹ́ kí n mú un rọrùn ju bó ṣe rí gan-an lọ. Ká ní Lágbájá dá ₦400 fún títẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ìpolówó rẹ̀ kò bá ohun tí ènìyàn ń wá mu, Google fún un ní máàkì 3. Ẹ̀yin dá ₦250, tiyín bá a mu, ojú ewé yín sì dára, Google fún yín ní máàkì 6. Tirẹ̀ jẹ́ 400 lọ́nà 3, ìyẹn 1,200. Tiyín jẹ́ 250 lọ́nà 6, ìyẹn 1,500. Ẹ̀yin lẹ máa wà lókè rẹ̀. Ẹ kò tiẹ̀ ní san ₦250 tí ẹ dá. Iye tó máa fi díẹ̀ borí 1,200 tirẹ̀ ni wọn máa gbà: 1,200 tí a pín sí ọ̀nà 6, bíi ₦200. Nínú gbàǹjo òtítọ́, wọ́n tún ń wo ibi tí ẹni náà wà, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó lò, àti irú ohun tó ń wá.

Ẹ ó rí Quality Score, láti 1 dé 10, lẹ́gbẹ̀ẹ́ keyword kọ̀ọ̀kan. Ohun mẹ́ta ló ń sọ: bóyá wọ́n á tẹ̀ ẹ́, bóyá ìpolówó náà bá ọ̀rọ̀ mu, bóyá ojú ewé tí wọ́n bá níbẹ̀ dára. Bí wọ́n bá kọ Below average sí ọ̀kan nínú wọn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe kẹ́ ẹ tó fowó kún owó.

Ní ti kíkọ ìpolówó, àkọlé tó tó 15 ni wọ́n gbà yín láyè láti kọ, lẹ́tà 30 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọjá. Àlàyé mẹ́rin, lẹ́tà 90 lọ́kọ̀ọ̀kan. Handwoven Aso Oke, Iseyin jẹ́ 25 bí a bá ka àlàfo àti kọ́mà mọ́ ọn, ó wọlé. Orúkọ Ìṣẹ́yìn kì í ṣe orúkọ kékeré nínú aṣọ òkè, ẹ má fi pamọ́.

Aránṣọ Òṣogbo

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Facebook àti Instagram? Aṣọ jẹ́ ohun tí ojú ń rà. Èmi ń ṣe ìpolówó tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, WhatsApp mi ló ń ṣí, a ó sì jọ máa sọ̀rọ̀. Fídíò ahunṣọ lẹ́nu iṣẹ́, ìró òfì nìkan ti tó kí ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun dúró wò ó. Ẹ kàn má lo bọ́tìnnì Boost lásán, Ads Manager, ibi tí ẹ ti lè yan gbogbo ètò ìpolówó fúnra yín, ni kẹ́ ẹ lò.

Akọ́ṣẹ́ Bódìjà

Ó dára, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wọn ò jọra. Lórí Facebook, ẹ̀yin lẹ kiri ọjà lọ bá ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́. Lórí Google, òun ló jáde láti ilé rẹ̀ tó ń béèrè ìsọ̀ yín. Kó tún ti Google ṣe ná, kó tó fi èkejì kún un. Bí owó kékeré bá pín sí ọ̀nà méjì, kò ní mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́.

Oníṣirò Àkúrẹ́

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo àgúnmu gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ta aṣọ ìyàwó kan, tí ẹ yọ owó òwú, owó ahunṣọ àti owó ìfiránṣẹ́, èló ló ń kù?

Aláṣọ Ìṣẹ́yìn

Bíi ₦60,000.

Oníṣirò Àkúrẹ́

Ó dára. Ká ní nínú ẹni 40 tó bá tẹ̀ ẹ́, ẹnìkan rà. ₦60,000 tí a pín sí 40 jẹ́ ₦1,500. Iye yẹn ni ẹ lè san fún títẹ̀ kan kẹ́ ẹ má jèrè, kẹ́ ẹ má sì jẹ gbèsè. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìdajì èrè kù, ₦750 ni. Nísinsìnyí ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó dúró sí. Nígbà tí ẹ bá ń yan bí Google ṣe máa dá owó, ẹ yan Maximize clicks, èyí tó ń wá títẹ̀ tó pọ̀ jù fún owó yín, kẹ́ ẹ sì kọ iye tí títẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kọjá síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ₦900 fún ọ̀sẹ̀ méjì, ká wo bó ṣe rí. Maximize conversions àti Performance Max tí wọ́n á máa rọ̀ yín sí (conversion ni kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ṣe ohun tí ẹ fẹ́, bíi kó rà tàbí kó kọ̀wé), wọ́n nílò ẹ̀rí àwọn tó ti rà kí wọ́n tó mọ irú ẹni tí wọ́n á wá. Ẹ kò tíì ní in.

Ẹ má gbàgbé VAT. Ìdá 7.5 nínú 100 ló wà lórí tèmi, ẹ fi sínú ìṣirò.

Àti pé báwo lẹ ṣe máa mọ ẹni tó ti ọ̀dọ̀ Google wá? Ẹ lo ìjápọ̀ wa.me pẹ̀lú nọ́ńbà yín, kẹ́ ẹ wá fi ?text= kún un, kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ yẹn á ti wà nínú WhatsApp wọn, wọ́n á kàn fi ránṣẹ́ ni. Tèmi kà báyìí: Ẹ káàárọ̀, mo rí ọjà yín lórí Google. Ti Instagram ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: ọjọ́, ibi tó ti wá, ohun tó béèrè, ṣé ó rà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè fi Tag Manager, irinṣẹ́ Google kan, ka títẹ̀ bọ́tìnnì náà, kó fi ránṣẹ́ sí Google bíi conversion, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró.

Aláwọ̀ Ìjẹ̀bú

Kúkúrú ni tèmi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí àkáǹtì náà ní orúkọ ara rẹ̀ bá yín. Mo san owó fún àwọn kan lọ́dún mẹ́ta, nígbà tí a pínyà, gbogbo ohun tí a ti kọ́ nípa oníbàárà mi bá wọn lọ, mo bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ni ín, kẹ́ ẹ wá fún ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ láyè wọlé pẹ̀lú ímeèlì tirẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì máa yẹ káàdì wò. Lọ́dún 2022 tí bánkì dín ohun tí káàdì náírà mi lè ná sókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, ìpolówó mi kú láàárín oṣù, ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n tó mọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá Houston

Bí ẹ bá dé Amẹ́ríkà, ẹ rántí aago. Aago àkáǹtì yín ni ètò wákàtí ìpolówó ń tẹ̀ lé. Nígbà ooru, aago Ìlú Ọba dọ́gba pẹ̀lú ti Ìṣẹ́yìn, nígbà òtútù wọ́n á fi wákàtí kan kẹ́yìn. Àwa ní Houston fi mẹ́fà kẹ́yìn yín nígbà ooru, méje nígbà òtútù. Nígbà ooru, aago méjìlá òru yín, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ wa ni, ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tibi iṣẹ́ bọ̀. Nítorí náà, ẹ ṣí campaign tiwa lọ́tọ̀ sí ti London.

Aláṣọ Ìṣẹ́yìn

Ẹ̀yin ará mi, mo padà dé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo fi tún ojú ewé ṣe: àbúrò mi dín àwòrán kù kó lè fúyẹ́, a ya òmíràn nínú oòrùn pẹ̀lú ọwọ́ ìyá mi lórí sányán, a kọ iye owó ní pọ́n-ùn. Mo dín tojúmọ́ sí ₦5,000.

Lẹ́yìn ọjọ́ 14: ₦66,300 ló lọ, VAT sọ ọ́ di ₦71,272 àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Ìgbà 78 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. ₦850 ni títẹ̀ kan báyìí, ₦413 ni tẹ́lẹ̀, àyà mi kọ́kọ́ já. Ṣùgbọ́n ẹni 9 ló kọ̀wé, kò sí ẹni tó ní kí n kọ́ òun ní gèlè. Ẹni 2 ti rà. Ọ̀kan ra aṣọ ìyàwó, èkejì ra gèlè àti ìpèlé fún ènìyàn 12. Èrè méjèèjì jẹ́ ₦210,000. Bí mo bá yọ owó Google kúrò, ó lé díẹ̀ ní ₦138,000. Ahunṣọ mẹ́rin ló wà lórí òfì bí mo ṣe ń kọ èyí.

Láràárọ̀ ni mo ń ka search terms, kí n tó jẹun. Lánàá mo yọ curtains àti dictionary. Ẹni tó ra ti ènìyàn 12 yẹn, mo wá ohun tó tẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Aso oke for bridal train uk ni. Èmi ò bá má ronú kan bridal train láéláé. Mo ti fi àkámọ́ onígun sí i, mo sì ti fún un ní ojú ewé tirẹ̀. Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá ráyè, ẹ bá mi wò ó lórí fóònù yín lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ sọ fún mi bó bá ṣí kíá.